Oṣù 56 yẹn, wọ́n ṣírò ó ni

Látọjọ́ tí adájọ́ Boyko ti ní kí ọba Ìpetumodù lọ fi ẹ̀wọ̀n oṣù 56 jura l'Ámẹ́ríkà lóṣù kẹjọ 2025, ariwo méjì là ń gbọ́. Àwọn kan ní kí ló kan oyìnbó kan adé Yorùbá, àwọn míì ní ẹni tó lu jìbìtì $4.2 mílíọ̀nù nínú owó ìrànwọ́ Kófíìdì, kí ni ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́jọ jẹ́ lára ẹ̀. Àwa ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Ilé ni inú ti ń bí wa.

Ní kọ́ọ̀tù àpapọ̀ tọ̀hún, adájọ́ kì í kàn jí láàárọ̀ kó mú nọ́ńbà tó bá wù ú. Ìwé ìlànà ìdájọ́ kan wà tí wọ́n ti ń lò láti oṣù kọkànlá 1987, tábìlì ńlá kan ló wà nínú ẹ̀, ìpele 43 látòkè délẹ̀ fún bí ọ̀ràn ṣe wúwo tó, òpó mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ fún ẹni tó ti dẹ́ṣẹ̀ rí àtẹni tí ò dẹ́ṣẹ̀ rí. Jìbìtì irú èyí, ìpele 7 lo ti máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka owó, tó bá ti kọjá $3.5 mílíọ̀nù tí ò tíì kọjá $9.5 mílíọ̀nù, wọ́n á fi 18 lé e, ó ti di 25 nìyẹn. Tó o bá tètè gbà pé o jẹ̀bi wọ́n lè yọ 3, ó ku 22, ẹ wá fi ìka tọ ìlà 22 dé òpó ẹni tí ò dẹ́ṣẹ̀ rí, oṣù 41 sí 51 lẹ máa bá níbẹ̀. Tí àrékérekè inú ẹ̀ bá wá lọ́ jù, wọ́n tún lè fi 2 kún un, ó di 24, oṣù 51 sí 63. Ẹ padà wo 56 yẹn.

Pásítọ̀ tí wọ́n jọ dá ọ̀ràn náà gba oṣù 27 lóṣù keje 2025, wọ́n ní kó dá nǹkan bíi $1.2 mílíọ̀nù padà. Ti ọba, $4.4 mílíọ̀nù ni, wọ́n sì tún gba ilé tó kọ́ sí Foote Road ní Medina, ìpínlẹ̀ Ohio. Owó ò dọ́gba, oṣù náà ò dọ́gba. Kò sí òpó adé nínú tábìlì yẹn, kò sì sí òpó kọ́là pásítọ̀.

(Ìjọba Ọ̀ṣun ńkọ́? Kábíyèsí fúnra wọn ti gbà látoṣù kẹrin 2025 pé àwọn jẹ̀bi, láti 2024 ni ìlú sì ti ń wojú ọ̀nà nígbà yẹn. Ṣé orí Facebook ló yẹ kí ọmọ Ìpetumodù ti máa wá ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àga baba ńlá ẹ̀ ni?)

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o, a ò sọ pé tábìlì oyìnbó pé. Ìpele 20 ni olè tó fipá gbowó ti ń bẹ̀rẹ̀, tó bá fa ìbọn yọ wọ́n á fi 5 kún un, ìyẹn yé wa. Òògùn olóró ni kò yé wa, torí orí ìwọ̀n ni wọ́n ń gbé e lé: kílò kan heroin, ìpele 30, oṣù 97 sí 121 fún ẹni tí ò dẹ́ṣẹ̀ rí, òfin míì tún wà níbẹ̀ tó ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá. Ká sòótọ́, ṣé ọmọ tí wọ́n rán ní kílò kan ló ṣe ju ẹni tó kó mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ ni? Láti 1986 di 2010, gíráàmù 5 kireeki (kokéènì tí wọ́n sè di òkúta) ń gba ọdún márùn-ún tí gíráàmù 500 kokéènì ẹlẹ́bú ń gbà, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì jìyà ẹ̀ jù. Wọ́n ti gbé e sí 28 báyìí. Ẹni tó bá ní ká lọ dà á kọ bó ṣe wà, kò tíì kà á.

Ohun tó wù wá níbẹ̀ ni pé láti 2005 tí kọ́ọ̀tù tó ga jù ti ní kì í ṣe dandan mọ́, adájọ́ ṣì gbọ́dọ̀ ṣí i, kó ṣírò, tó bá fẹ́ yà kúrò níbẹ̀ kó sọ ìdí ẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹni tí inú ń bí á wá mọ ohun tó fẹ́ bá jà.

Ẹ wá wo Ìkòyí. Oṣù kejì 2024, kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀, òṣèré kan tó tẹ náírà mọ́lẹ̀ níbi ìnáwó, oṣù mẹ́fà tàbí fáìnì N300,000. Oṣù kẹrin ọdún yẹn náà, kọ́ọ̀tù yẹn náà, adájọ́ míì, Bobrisky ná náírà fáwọn èèyàn níbi ayẹyẹ, abala 21 òfin báǹkì àpapọ̀ (CBN) kan náà, oṣù mẹ́fà, kò sí fáìnì. Òfin ní ó kéré tán oṣù mẹ́fà, tàbí fáìnì ó kéré tán N50,000, tàbí méjèèjì, ibẹ̀ ló parí sí, ó wá ku ọwọ́ adájọ́ tí fáìlì ẹ bá bọ́ sí. A ò gbèjà ẹnikẹ́ni o, ẹni kan sùn sílé, ẹni kan sùn sẹ́wọ̀n, a fẹ́ mọ ìdí ẹ̀ ni.

Nígbà tí ọ̀gá kan jẹ́wọ́ lórí owó pẹ́ńṣọ̀n ọlọ́pàá ní 2013, tó san fáìnì N750,000 lórí ọ̀ràn owó bílíọ̀nù, a pariwo. NJC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn adájọ́, ní kí adájọ́ lọ rọ́kún nílé fọ́dún kan, ó di 2018 kí kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà pẹ̀lú N22.9 bílíọ̀nù tó máa san. Ọdún márùn-ún gbáko, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì sì ń kú lórí ìlà. A pariwo nígbà ti Bobrisky náà. Wọ́n ti ṣe ìlànà fún àwọn kọ́ọ̀tù FCT l'Ábújá ní 2016, ó dáa, àmọ́ ṣé Ábújá nìkan ni wọ́n ti ń jalè ni?

Ẹ má tún sọ fún wa pé aṣòfin lẹ̀ ń dúró dè kẹ́ ẹ tó ṣe irú ìlànà yìí. Ẹ má sì gbé kọ́mìtí kankan dìde, ẹ jọ̀ọ́, a mọ hòtẹ́ẹ̀lì tó máa ń parí sí. Abala 254 ìwé òfin 1999 ti fún adájọ́ àgbà kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ lágbára láti ṣe òfin bí iṣẹ́ kọ́ọ̀tù ẹ̀ ṣe máa lọ. Oṣù kẹsàn-án làwọn adájọ́ máa ń wọlé láti ìsinmi. Bírò kan péré ló kù.