Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kì í ṣe iye atẹ́gùn tí ọkọ̀ yín nílò

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé táyà gàgàrà sẹ́sẹ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún un ni pé kó wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà, kó sì fẹ́ ẹ dé iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ràn débi pé àwọn tó ń fi táyà fífẹ́ jẹun pàápàá ń tẹ̀ lé e. Kò tọ̀nà rárá, ó sì ń ba táyà olówó ńlá jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú táyà kan tí wọ́n kọ LT285/70R17 sí lára, Load Range E (ìpele tó ń sọ bí táyà ṣe lágbára tó láti gbé ẹrù). Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pé ó lè gbé 1,450 kílò bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá jẹ́ 80 psi (òṣùwọ̀n tí géèjì fi ń ka agbára atẹ́gùn). Ẹrù tó pọ̀ jù tí agbára táyà náà ká nìyẹn, àti atẹ́gùn tí yóò gbà kó tó lè gbé e. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 1,450 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 5,800 kílò. Bí píkọ́ọ̀pù bá wọn 2,600 kílò tèrò tẹrù, nǹkan bí 650 kílò ló kan táyà kọ̀ọ̀kan. Kò tó ìdajì. Kí ni 80 psi ń wá níbẹ̀?

Táyà tó le koko báyìí, àárín rẹ̀ nìkan ló ń dúró lé, etí méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ máa rí i: àárín á ti jẹ, á dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, nígbà tí eyín tó wà létí ṣì ga bí ìgbà tí ẹ rà á. Bí òjò bá rọ̀ tí ẹ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á yọ̀ jìnnà kó tó dúró, nítorí rọ́bà tó di ilẹ̀ mú ti kéré. Gbogbo kòtò tí ẹ bá sì kó sí ni ara yín á gbọ́.

Àwọn mìíràn ní kí a máa lo iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Iye yẹn dára, ṣùgbọ́n táyà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bí ẹ bá kúrò lórí táyà oní-P (ti ọkọ̀ akérò kékeré) bọ́ sórí oní-LT (ti ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ẹ́rẹ́), LT máa ń fẹ́ atẹ́gùn jù kó tó lè gbé ẹrù kan náà, bó tiẹ̀ le lójú ju P lọ. Ibí gan-an lẹ̀mí ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà, ooru á mú un, ojú rẹ̀ lè ṣí kúrò lórí eré. Ní ọdún 2000, Firestone pe táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà nítorí irú ṣíṣí bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló wà lẹ́sẹ̀ Ford Explorer. Ilé iṣẹ́ méjèèjì jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi, 26 psi tí Ford ní kí àwọn èèyàn máa lò sì wà lára ohun tí Firestone tọ́ka sí.

Ìwọ̀n ẹrù ló ń sọ iye atẹ́gùn. Àwọn tó ń ṣe táyà ní àtẹ tó ń fi hàn bí ẹrù tí táyà lè gbé ṣe ń pọ̀ sí i bí psi ṣe ń gòkè. Ẹ wo ohun tí táyà àtijọ́ ń gbé ní iye ara ilẹ̀kùn, kí ẹ wá iye psi tí táyà tuntun yóò fi gbé e láìdín. Iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì wà níwájú, ẹ̀yìn ni ẹrù sì ń gùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà nípọn láti etí kan dé èkejì lójú táyà, kí ẹ wa ọkọ̀ gbọọrọ lórí ọ̀dà tó tẹ́jú. Bí ṣọ́ọ̀kì bá pa rẹ́ láàárín nìkan, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ etí nìkan, kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ṣọ́ọ̀kì dín in kù kọjá ohun tí àtẹ sọ.

Kí táyà tutù kí ẹ tó fi géèjì wò ó, kí ọkọ̀ ti wà lórí ìdúró fún wákàtí 3 ó kéré tán. Ooru ìrìn máa ń gbé psi sókè. Ẹni tó bá yọ atẹ́gùn nígbà tó ṣì gbóná nítorí pé géèjì ga, táyà rẹ̀ á ti wálẹ̀ jù tó bá tutù.