Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé Násì kò dé àgọ́ náà ni?

"Àwọn Násì kì í ṣe nǹkan láìkọ ọ́ sílẹ̀. Bí orúkọ kò bá sí nínú ìwé àgọ́, a jẹ́ pé ẹni náà kò dé ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tọpasẹ̀ àwọn Júù àti ará Pólándì tí Ogun Àgbáyé Kejì gbé lọ, àwọn tó ń sẹ́ ìpakúpa tí àwọn Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, pa àwọn Júù sì ti sọ ọ́ di ohun ìjà. Kì í ṣe òótọ́.

Ẹ wo Auschwitz, àgọ́ Násì ní Pólándì tí wọ́n ti há àwọn ènìyàn mọ́, tí wọ́n sì ti pa wọ́n. Ó kéré tán, 1,300,000 ènìyàn ni wọ́n kó lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí 400,000 péré ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn tí wọ́n kó láti inú ọkọ̀ ojú irin lọ tààrà sí yàrá gáàsì, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn. Àwọn SS, ẹgbẹ́ ológun Násì tó ń ṣàkóso àgọ́ wọ̀nyí, tún dáná sun púpọ̀ nínú ìwé kí wọ́n tó sá lọ ní January 1945. Ìwé ikú tó ṣẹ́ kù ní orúkọ bí 69,000, láti July 1941 dé December 1943. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó pa ẹnì kan, ẹ má gbà á gbọ́: àìsàn ọkàn ni wọ́n sábà máa ń kọ fún ẹni tí wọ́n pa.

Ti Treblinka, Bełżec àti Sobibór, àwọn àgọ́ ìpànìyàn mìíràn ní Pólándì, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà kan tí SS fi ránṣẹ́ ní 11 January 1943, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì já gbà, kò ní ju lẹ́tà L, B, S, T àti iye ènìyàn tí wọ́n kó dé àgọ́ kọ̀ọ̀kan lọ. L ni Lublin (àgọ́ Majdanek), lẹ́tà yòókù sì dúró fún àgọ́ mẹ́ta wọ̀nyẹn. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti gbéra ni kí ẹ ti wá orúkọ. Ìwé ghetto (àdúgbò tí wọ́n há àwọn Júù mọ́) ìlú Łódź ní Pólándì ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba nílùú náà. Ará Pólándì tí wọ́n fipá mú lọ ṣiṣẹ́ oko ní Jámánì sábà máa ń ní ìwé iṣẹ́ àti káàdì ìbánigbófò ìlera. Arolsen Archives, ilé àkójọ ìwé nípa àwọn tí Násì fìyà jẹ, ní Jámánì, ní irú wọn púpọ̀, a sì lè wo èyí tó pọ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá wá a tí ẹ kò rí i, ẹ yẹ bí ẹ ṣe kọ ọ́ wò. Litzmannstadt ni àwọn ará Jámánì pe Łódź, Gotenhafen ni wọ́n pe ìlú Gdynia. Jan á di Johann, Ł á di L lásán, Kowalska sì ni ìyàwó Kowalski. Ẹ wá ọdún ìbí tó ju tẹni náà lọ tàbí tó kéré sí i, nítorí àwọn kan parọ́ ọjọ́ orí kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ṣe. Ní Pólándì, ìwé ìbí kì í kúrò lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìlú títí yóò fi pé 100 ọdún; ti ìgbéyàwó àti ikú jẹ́ 80.

Bó bá jẹ́ pé ìwé ìkólọ nìkan lẹ rí, "wọ́n kó o lọ, àkọsílẹ̀ mìíràn kò sí" ni kí ẹ kọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo àkójọ orúkọ àwọn tó kú tó wà ní Yad Vashem, ilé ìrántí ìpakúpa náà ní Jerúsálẹ́mù. Ìbátan tàbí ojúlùmọ̀ ló kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ láti inú ìrántí, nítorí náà orúkọ òbí máa ń ṣeé gbára lé ju ọjọ́ lọ.