Ẹ̀yin Asáré Àárọ̀ Sátidé, Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Yà fún Wa

Àwọn àgbà ní èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ó dájú pé wọn ò tíì dé ọ̀nà Ahmadu Bello ní GRA Ìlọrin láàárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó pa òwe yẹn. Títì ọlọ́dà ni, ẹ̀gún ò sí níbẹ̀. Ejò náà ò sí. Fóònù tí ẹnìkan gbé sókè níwájú ni gbogbo àwọn asáré yìí ń sá tẹ̀ lé.

Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán báyìí, wọ́n á ti máa dé. Mọ́tò ni wọ́n ń gbé wá o, ẹ gbọ́ mi yé. Ẹni tó ń gbé ní Táńkẹ̀, tó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ sáré, á wa mọ́tò láti Táńkẹ̀ wá sí GRA, á máa yípo kiri torí ibi tó máa páàkì sí, á wá bá ẹni tó ṣáájú rẹ̀ dé abẹ́ igi jà. Kó tó bọ́ sílẹ̀, ó ti làágùn tán.

Ankò ńkọ́? Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ alága sẹ́yìn, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó fowó ṣe é sáyà, ẹni tí kò bá sì rà á kò gbọdọ̀ dúró ní ìlà iwájú nínú fọ́tò. Mo rí alága kan tí wọ́n gbé àga oníke kalẹ̀ fún níbi tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń mu omi tútù. Wọ́n sáré lọ, wọ́n sáré bọ̀, wọ́n bá a lórí ìjókòó. Ìgbà tí wọ́n máa pín mẹ́dáàlì, ọrùn tiẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́.

Ṣùgbọ́n ìkíni gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìlọrin nìyí, kì í ṣe ìlú tí ọmọ tí wọ́n kọ́ ti lè gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ọmọkùnrin kan ń bọ̀ kítikìti lọ́jọ́ kan, ó wọ táìtì dúdú tó fún un pinpin, aago ńlá wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, íápíìsì wà létí. Àfi bó ṣe ṣe kòńgẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, Àlhájì kan tó wọ jálàbíà funfun, tó ń fa tẹ̀sùbáà rìn jẹ́jẹ́. Ó kọ́kọ́ tẹ aago rẹ̀ dúró, kó má baà ka ìkíni mọ́ eré. Ó wá dọ̀bálẹ̀.

“Àsàlámù àlékúmù, sà.”

“Wà àlékúmù sàlámù. Ìwọ ọmọ ta ni ná?”

Ó tán! Bàbá béèrè ilé, ó béèrè ìyá, ó béèrè ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ọ̀fà, ó béèrè ìgbà tí wọ́n máa jẹ ìrẹsì ìyàwó. Ó wá gbé àdúà kalẹ̀, àdúà tó ní orí tó ní ìrù, ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń ṣe “àmín, sà, àmín”. Ìdí táìtì ti ń ké gbàjarè. Ó dìde, ó tẹ aago, kò tíì kọjá ilé mẹ́ta tó fi pàdé Àlhájà. Aago tún dúró. Nígbà tó máa fi dé òpin, ohun tí aago sọ ni pé eré rẹ̀ yá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbogbo lọ. Ìyẹn ló gbé sórí Facebook. Ta ló máa jiyàn? Ẹ̀rọ kì í purọ́.

Àwọn ìyá wa mẹ́rin ló ń rìn níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n gba ọ̀nà tán láti ibi gọ́tà dé àárín títì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wàlímọ̀ tí wọ́n jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹran tí kò kárí. Òǹsáré gidi kan ń bọ̀ lẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ tí bàtà rẹ̀ ti lanu, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yà. Òun ni wọ́n ṣépè fún! Wọ́n ní kí ló ń lé e.

Gbogbo wọn ṣáà ní àwọn fẹ́ pé 10,000 ìṣísẹ̀. Ta ló dá iye yẹn? Kì í ṣe dókítà. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ jáde lọ́dún 1965, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe Òlíḿpíìkì ní Tokyo, wọ́n fi 10,000 sọ ọ́ lórúkọ kó lè tà. Ó sì tà dé Ìlọrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiẹ̀ kò ka ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni: ó ní kí àgbàlagbà ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ẹ wá mú àárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ yọ fọ́tò kúrò, ẹ yọ ìkíni, ẹ yọ àdúà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ alága. Èyí tó kù kò tó eré tí ìyá aláta ń sá ní Ọjà Ọba bí òjò bá ṣú.

Wọ́n á wá jẹun. Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ṣàkì, wàrà díndín lé e lórí, torí wọ́n ní ẹni tó sáré gbọ́dọ̀ dá okun padà sára. Okun tí wọ́n dá padà máa ń ju èyí tí wọ́n lò lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Òkè Sóbì ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gùn. Ankò ti jáde, aláwọ̀ ewé ni. Alága ti ń wádìí bóyá mọ́tò lè dé orí rẹ̀.