Ẹja òkun lè tán, ó sì ti tán rí

Mo tún gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí bí ẹja ṣe wọ́n, ọkùnrin kan pè wọlé, ó ní irọ́ ni pé ẹja ń dín kù. “Òkun kì í gbẹ, ẹja rẹ̀ ò lè tán.” Olóòtú ètò ní òótọ́ ni bàbá sọ, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Olóṣèlú ń sọ ọ́, àwọn tó kàwé pàápàá ń sọ ọ́.

Àwọn tó gbọ́n jù wá lọ ti sọ ọ́ rí. Ní 1883, Thomas Huxley, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lórúkọ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìde níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ẹja ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ó jọ pé irú ẹja bíi cod kò lè tán, pé kò sí ohun tí à ń ṣe tó lè dín iye wọn kù. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ cod parí sí.

Létíkun Newfoundland, ní Kánádà, ó ju 400 ọdún lọ tí wọ́n fi ìwọ̀ àti àwọ̀n kéékèèké pa cod, ẹja náà ń bí, ó ń rọ́pò ara rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá dé láti Yúróòpù, tí wọ́n ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, tí wọ́n sì ń sọ ẹja di yìnyín nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Ní 1968 nìkan, wọ́n kó ju 800,000 tọ́ọ̀nù lọ. Wọn ò rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 1977, Kánádà lé àwọn àjèjì jìnnà sí 200 máìlì òkun, àmọ́ ìjọba tún ran àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ láti ní ọkọ̀ ńlá tiwọn, wọ́n sì ń bá ìparun náà lọ. Ní July 2, 1992, mínísítà ọ̀rọ̀ ẹja, John Crosbie, kéde pé kí gbogbo wọn ká àwọ̀n. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ló pàdánù iṣẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n pè é. Ọdún 2024 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí òfin náà, 18,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n sì ní kí wọ́n pa.

Òkun Newfoundland ò gbẹ o. Omi wà níbẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í nìyí: ẹja kì í tú ká inú òkun bí iyọ̀ ṣe ń tú ká inú ọbẹ̀. Ibi tí oúnjẹ wà, tí omi sì bá a lára mu, ló ń kó jọ sí. Bí cod ṣe ń dín kù, èyí tó ṣẹ́kù ń ṣùjọ, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja lábẹ́ omi sì ń bá wọn níbẹ̀. Àwọ̀n ọkọ̀ ńlá wá ń kún títí dé òpin, àwọn onímọ̀ sì ń wo kíkún àwọ̀n yẹn, wọ́n ń ṣírò pé ẹja ṣì pọ̀. Àwọn apẹja kéékèèké tó wà létí ilẹ̀ ti ń pariwo láti àárín àwọn ọdún 1980 pé ẹja ń kéré, pé kò wá sétí ilẹ̀ mọ́. Wọn ò dá wọn lóhùn. Mo gbà pé omi tó tutù jù lásìkò yẹn lè lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti tutù rí níbẹ̀ láìpa ẹja run.

Àwọn kan á ní bí ẹja bá wọ́n, apẹja á fi í sílẹ̀, á sì tún pọ̀. Ẹni tí kò ta ẹja rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹja bá wọ́n, owó rẹ̀ á lọ sókè, owó yẹn gan-an ló ń lé apẹja padà sójú omi láti wá èyí tó kù. Ẹja òkun kò sì ní olówó títí a ó fi kó o sínú ọkọ̀. Èyí tí mo bá fi sílẹ̀ lónìí kó lè bímọ, ẹlòmíràn á kó o lọ́la. Ta ló máa dúró? Onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Kánádà, H. Scott Gordon, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1954 pé níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti lè wọlé, ọkọ̀ á máa pọ̀ sí i títí èrè á fi tán lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn ìjọba tún wá ń fi owó epo kún un, ọkọ̀ tó yẹ kó ti jókòó sí èbúté tún ń jáde. Báǹkì Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí bílíọ̀nù 83 dọ́là ni aráyé pàdánù ní 2012 nìkan nítorí àpajù yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ń pẹja ní Ìlàjẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo ń bá a lọ, a ṣì máa ń rí igi àgbọn etí ilẹ̀ níbi tí a ti ń ju àwọ̀n. Nísinsìnyí, owó epo ńjẹ èrè rẹ̀ kó tó débi tí ẹja wà, ojú àwọ̀n rẹ̀ sì ti kéré, nítorí èyí tó tóbi ò wọ́pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run ló ń pèsè, mi ò bá a jà. Ọlọ́run náà ló pèsè cod.

Ó ṣeé tún ṣe. Nígbà tí cod Nọ́wè náà dín kù ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n gé ohun tí wọ́n ń pa kù gidi ní 1990, ó sì dun àwọn apẹja wọn. Ní 2013, Nọ́wè àti Rọ́ṣíà ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù láti pín. Ó tún ti ń wálẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n sì tún ń gé e. Pańla gbígbẹ tí à ń rẹ sómi kó tó wọnú ẹ̀fọ́, irú cod Nọ́wè yìí ni, òkun tí wọ́n ń ṣọ́ ló ti ń wá.

Àwa náà ní òfin. Kò yẹ kí ọkọ̀ tírọ́là wọ́ àwọ̀n láàárín máìlì òkun márùn-ún sí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n mi ń rí iná wọn lóru láàárín ibẹ̀, wọ́n ti fa àwọ̀n rẹ̀ ya. Ọkọ̀ tó máa lé wọn, epo tó máa mu, òṣìṣẹ́ tó máa ka ẹja ní èbúté, inú ìṣúná ni owó wọn ti ń wá, kò sì sí ìjọba tó máa ná owó ṣọ́ ohun tí gbogbo ìlú gbà pé kò lè tán.