Gbogbo Wọn Ni Ọ̀gá

Bí dẹ́rẹ́bà iléeṣẹ́ kan ní Odógunyàn bá yọ́ fi mọ́tò ọ̀gá kó èrò dé Mile 12 lálẹ́, PP (private practice) ló ṣe yẹn, ìyẹn iṣẹ́ tara ẹni tí èèyàn ń yọ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì wá kúnlẹ̀ bẹ máníjà. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó bá fi máṣìn ọ̀gá rán ṣòkòtò ọ̀rẹ́ rẹ̀, PP ni, ìfọ́tí sì ni èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó olórin rọ́ọ̀kì bá fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó lọ bá olórin mìíràn tí òun náà yọ́ jáde nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ lu nǹkan pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní àtinúdá ni, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá, ìyẹn supergroup. Wọ́n á tẹ tíṣáàtì rẹ̀. Aládùúgbò mi kan ní Àgric, ní Ìkòròdù níbí, á sì rà á.

Bọ̀dá Rọ́ọ̀kì là ń pè é. Táìlì ló ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ BRT. Nínú oòrùn oṣù kẹta, nígbà tí ewúrẹ́ gan-an ń wá ibòòji lábẹ́ tírélà, tíṣáàtì dúdú ni yóò wọ̀, orúkọ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí yóò sì wà láyà rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹgbẹ́ olórin gidi ló fẹ́ràn o. Bí ẹ bá dárúkọ Led Zeppelin fún un, á yínmú: "Ìyẹn ti gbogbo ayé ni." Èyí tó fẹ́ ni Them Crooked Vultures, tí John Paul Jones tó ń ta béèsì fún Led Zeppelin lọ dá sílẹ̀ pẹ̀lú Dave Grohl àti Josh Homme, tí wọ́n ṣe àwo kan ṣoṣo ní 2009. Bí ẹ bá ní Radiohead dùn mọ́ yín, á bi yín tàánútàánú bóyá ẹ ti gbọ́ Atoms for Peace, ẹgbẹ́ tí akọrin Radiohead yọ́ lọ dá sílẹ̀. Ó dà bí ẹni tó dé ibi ìgbéyàwó tí kò wo ọkọ, tí kò wo ìyàwó, tó gba ẹ̀yìnkùlé lọ wá ibi tí àwọn alásè ti ń jẹun tiwọn.

(Òótọ́ ibẹ̀ ni pé oúnjẹ àwọn alásè máa ń ní ẹran nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.)

Àrùn náà ti ràn. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń tún fóònù ṣe ní Sábó ti kó o. Lójú tiwọn, ẹni tó mọ ẹgbẹ́ ńlá, ará oko ni. Ẹni tó mọ ẹgbẹ́ tí onílù ẹgbẹ́ ńlá fi àkókò ìsinmi dá sílẹ̀, òun ni ọ̀làjú. Bí àwo náà kò bá tà, ọ̀làjú yẹn tún lé kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, Bọ̀dá Rọ́ọ̀kì fi mí jókòó sórí páálí táìlì, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìpìlẹ̀. Ó ní Eric Clapton, Jack Bruce àti Ginger Baker ló dá Cream sílẹ̀ ní 1966. Ọ̀gá ni kálukú níbi tó ti ń bọ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn gan-an, ọ̀rá tó léfòó sórí wàrà, ti fi hàn pé ìrẹ̀lẹ̀ kò bá wọn tan. Baker àti Bruce kò gbọ́ ara wọn yé rárá, ní 1968 wọ́n tú ká. Ní 1969, Clapton àti Baker kó Steve Winwood àti Ric Grech mọ́ra, ó di Blind Faith, ìyẹn Ìgbàgbọ́ Afọ́jú. Wọ́n ṣe àwo kan, ọdún náà kò sì parí tí ó fi tán. Nígbà tó máa di 1970, Clapton ti wà nínú Derek and the Dominos.

Mo ní, "Bọ̀dá, bí ẹnìkan bá ń pààrọ̀ ìjọ báyìí ládùúgbò wa, wọ́n á ní kó wá gbààwẹ̀."

Kò dá mi lóhùn. Ó ti dé ọ̀dọ̀ Wilbury. Ní 1988, George Harrison, Bob Dylan, Tom Petty, Roy Orbison àti Jeff Lynne pa orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n tì, gbogbo wọn di Wilbury, wọ́n ní ọbàkan ni àwọn. Ẹ wò ó, àgbà márùn-ún, olówó márùn-ún, wọ́n jókòó, wọ́n hùmọ̀ bàbá olórogún kan fún ara wọn! Orbison kú ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn náà. Àwo wọn àkọ́kọ́ ń jẹ́ Ìkíní. Ní 1990 wọ́n gbé èkejì jáde, wọ́n pè é ní Ìkẹta. Mo bi í pé, "Ìkejì wá ńkọ́?" Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní, "Adùn ibẹ̀ nìyẹn!" Èmi tí mo ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ oníṣòwò, tí mo mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó bá fo nọ́ńbà nínú ìwé rìsíìtì, mo dákẹ́.

N kò ní purọ́, ibì kan wà tí ó ti mú mi. Baker yìí wa mọ́tò gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971, ó bá Fela àti Africa 70 lu ìlù, àwo náà jáde ní ọdún yẹn. Ní 1973 ó ṣí sitúdíò sí Ìkẹjà. Láàárín gbígbá pólò àti jíjà, ó ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Salt. Inú rẹ̀ ni Laolu Akins àti Berkely Jones ti jáde, tí wọ́n fi lọ bá Mike Odumosu dá BLO sílẹ̀ níbí: B fún Berkely, L fún Laolu, O fún Odumosu. Bọ̀dá Rọ́ọ̀kì gbà tọkàntọkàn pé ká ní kò sí ìdádúró Mile 12 ni, Ìkòròdù ni Baker ì bá kọ́ sitúdíò rẹ̀ sí.

Tony Allen tó jẹ́ onílù Fela náà ṣe irú PP bẹ́ẹ̀. Damon Albarn tó ń kọrin fún Blur mú un, ó mú Simon Tong, ó mú Paul Simonon láti inú The Clash, wọ́n gbé àwo jáde ní 2007, wọ́n ní ẹgbẹ́ náà kò lórúkọ, àwo ló lórúkọ. Ní 2012, Albarn àti Tony Allen tún ṣe òmíràn pẹ̀lú Flea ti Red Hot Chili Peppers. Èyí náà kò lórúkọ títí ayàwòrán ará Èkó kan tó ṣe èèpo àwo náà fi pè é ní Rocket Juice & the Moon. Ọmọ òkè òkun, Èkó ni wọ́n ti wá sọ ọ́ lórúkọ. Mo gbọ́ ìlù Tony Allen lórí fóònù Bọ̀dá Rọ́ọ̀kì lálẹ́ yẹn nínú òkùnkùn, ọwọ́ kan ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ kejì ń dá a lóhùn, n kò sì lè yọ ṣùtì sí ìyẹn.

Kí n má baà jẹ́ òpè, mo ní àwa náà ní tiwa. Moses Ọláìyá ni olórí Federal Rhythm Dandies, ẹgbẹ́ háílàìfù, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni Sunny Adé kó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àwàdà tí Ọláìyá fi ń ṣe PP ló wá gbé orin náà mì, ni ó bá di Baba Sala, kò sì sẹ́ni tó rántí jìtá mọ́. Bọ̀dá Rọ́ọ̀kì ronú sí i. Ó ní kò kà, torí pé ó yọrí sí rere.

Oṣù méjì kò tíì pé tó fi pinnu pé Àgric náà gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá tirẹ̀. Ó lọ mú onídírọ́ọ̀mù nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan, ó mú atajìtá nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí i, ó mú oníkíbọ́ọ̀dù láti Ògólóńtó. Ó bi atajìtá bóyá ó ní PP kankan. Ọmọ náà wò ó bí ẹni wo ẹni tí oòrùn ti pa. "Ẹ̀gbọ́n, èyí gan-an ni PP mi. Wẹ́dà ni mí."

Wọ́n ní kí àwọn fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn ṣe orúkọ ẹgbẹ́, bíi ti BLO. Ó di Ẹ̀BÀ. Lẹ́yìn èyí ni onígángan kan dé, tó ń tẹ̀lé òde ìnáwó lọ sí Ìgbógbó àti Báyékù. Ó ní bí lẹ́tà òun kò bá sí níbẹ̀, gángan òun kò ní sí níbẹ̀. Bọ̀dá Rọ́ọ̀kì fò sókè: bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Crosby, Stills àti Nash ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí Neil Young tó dé ní 1969, tí wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ ìdí! Bí wọ́n ṣe di Ẹ̀BÀ àti S nìyẹn.

Mo débi rihásà wọn lẹ́ẹ̀kan, ní ọgbà tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Onídírọ́ọ̀mù gbé àwo idẹ ìlù rẹ̀ dé, ó fi ìró ìyá rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a tú u. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣàríyànjiyàn lórí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló ń dá àrà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ń gbe ẹnìkejì. Ìgbà yẹn ni ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé, "Ta ló ń kọrin?" Kò sẹ́ni tó rántí mú olórin.

Wọ́n ṣeré níbi ìṣílé kan ní Ìta Ẹlẹ́wà. Ìṣẹ́jú 22 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ gángan: ó ń fọhùn. Onígángan yà sọ́dọ̀ Alhájà kan, ó ki bàbá rẹ̀, ó ki bàbá bàbá rẹ̀, owó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Onídírọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé láìkọsẹ̀ lára wáyà, ó ń làágùn, ó ń ka owó yẹn lójú. Nígbà tí wọ́n kúrò lójú agbo, ₦38,000 ló wà lọ́wọ́ onígángan. Ó ní iwájú orí òun ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe iwájú orí Ẹ̀BÀ. Kí wọ́n tó gbé ìrẹsì dé, wọ́n ti tú ká. Lọ́jọ́ Sunday, kálukú ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Mo lọ kí Bọ̀dá Rọ́ọ̀kì kú ará fẹ́ra kù. Mo bá a tó ń jó láàárín táìlì. "Òde kan ṣoṣo! Wọ́n sì tú ká nítorí owó! Ẹ̀yin kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lÁgric yìí ni?" Ó ti rán iṣẹ́ tíṣáàtì lọ sí Sábó, ọgbọ̀n ẹyọ, ₦7,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: Ẹ̀BÀ ÀTI S, ÌKẸTA.

Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ pè é lórí fóònù níṣojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìkejì ńkọ́?"

Inú Bọ̀dá Rọ́ọ̀kì dùn débi pé ó ní kí ọmọ náà má wulẹ̀ mú ṣéńjì wá mọ́.