Èsì wa sí oníbàárà tó fún máàpù A1 ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá wa. Ẹ ṣeun tí ẹ gbé iṣẹ́ wá fún wa, ẹ sì ṣeun tí ẹ sọ ohun tó ń dùn yín síta. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún lẹ fún wa. Ẹ ní máàpù ilẹ̀ àròsọ tí a tẹ̀ sórí báńnà A1 (ìwọ̀n bébà ńlá) fún géèmù RPG yín (eré tí olúkúlùkù ti ń ṣe bí ẹ̀dá inú ìtàn) rí bàìbàì, pé orúkọ àwọn ìlú kan di àpótí àpótí, pé kedere ló hàn lórí fóònù yín, nítorí náà ẹ̀rọ wa ni kò dáa. Ẹ wá parí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè: "Sọ́fítíwíà wo gan-an ni kí n rà?" Ìbéèrè yẹn ló máa jẹ́ kí èsì yìí gùn, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń bi wá bẹ́ẹ̀ ní Ṣómólú níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀. Fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ jẹ́ píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 2048 ní ìbú, 1536 ní òró. Ẹ̀gbẹ́ gígùn A1 tó íǹṣì 33. Tí ẹ bá pín in, píksẹ́lì 62 péré ló kan íǹṣì kan. Fún máàpù tí èèyàn máa jókòó yí ká lórí tábìlì, kò gbọ́dọ̀ dín sí 150 ní íǹṣì kan lọ́dọ̀ wa, ìyẹn nǹkan bíi píksẹ́lì 4960 ní ìbú, 3500 ní òró. Ẹni tó bá fẹ́ kó mọ́ bí ojú ìwé ìròyìn olówó ńlá á wá 300, ìlọ́po méjì rẹ̀ nìyẹn lójú méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Roll20 àti Foundry ni sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe irú eré yìí lórí kọ̀ǹpútà. Píksẹ́lì 70 ni Roll20 máa ń fún onígun mẹ́rin kan tí ọmọ eré ń dúró sí, Foundry sì máa ń fún un ní 100, ojú kò sì rí àléébù kankan níbẹ̀. Fáìlì yín kò burú rárá, ojú fóònù ni wọ́n ṣe é fún. A kọ èyí sí yín lórí WhatsApp kí a tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kí a máa tẹ̀ ẹ́ lọ torí ọjọ́ eré ti dé tán.

Ibi tí máàpù máa parí sí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ yan sọ́fítíwíà kọ́kọ́ wò. Ṣé báńnà ni àbí ojú kọ̀ǹpútà? Ṣé gbogbo ayé ni ẹ fẹ́ yà, àbí yàrá kan ṣoṣo tí ìjà ti máa ṣẹlẹ̀? Ẹ má wo ẹwà òkè àti igbó tí wọ́n fi ń polówó, torí gbogbo wọn ló rẹwà.

Èmi tí mò ń tẹ̀wé, irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní SVG ni mo fẹ́ràn jù. Ìlà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe píksẹ́lì, ẹ lè nà án dé ara ògiri ilé kó má rí bàìbàì. Méjì nínú àwọn sọ́fítíwíà tó ń gbé SVG jáde kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Azgaar's Fantasy Map Generator máa ń dá ilẹ̀, odò, ìjọba, àṣà àti ẹ̀sìn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ó kàn máa tún un ṣe ni. Ó máa ń jọ máàpù inú ìwé jọ́gíráfì o, ẹni tó ń wá òkè tí wọ́n fi ọwọ́ yà kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Fún ìlú kan ṣoṣo, ẹ lọ wo èyí tí olùṣe sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ Watabou ṣe: òpópónà, odi, ọjà, gbogbo rẹ̀ á jáde ní ìṣẹ́jú àáyá.

Tó bá jẹ́ pé ẹwà ọwọ́ yíyà yẹn lẹ ń wá, Wonderdraft ni mo máa rà ká ní èmi ni ẹ̀yin. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sanwó rẹ̀, orí láptọ́ọ̀pù yín ló máa wà, kò sì béèrè dátà nígbà tí ẹ bá ń yà. Ṣùgbọ́n ó máa bi yín ní ìwọ̀n máàpù kí ẹ tó fa ìlà kankan. Ẹ má ṣe mú kékeré níbẹ̀. Ẹni kan náà ló ṣe Dungeondraft, èyí tó wà fún inú ilé àti inú ihò, tó tún lè gbé ògiri àti iná jáde mọ́ àwòrán fún àwọn tó ń ṣeré lórí Foundry. Inkarnate rọrùn láti kọ́ ju gbogbo wọn lọ, inú bíráwúsà ló ń gbé, nítorí náà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, iṣẹ́ dúró. Ó ní ti ọ̀fẹ́, ó ní ti olówó ọdọọdún. Ìwọ̀n àwòrán tí méjèèjì ń gbé jáde kì í ṣe ọgbọọgba, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Campaign Cartographer ti wà láti 1993, orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìlànà àwọn tó ń yàwòrán ilé ló sì ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ti mọ AutoCAD á gbádùn rẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣeré lópin oṣù, rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ àpótí, èyí tí mo mọ̀ pé ó dùn yín jù. Ẹ fẹ àwòrán yẹn lójú fóònù yín, ẹ ó rí àpótí kan náà níbẹ̀. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́, ló fà á. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Lẹ́tà ni, kí àmì ohùn tó wá gùn ún lórí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì aláràbarà tí wọ́n ṣe fún géèmù kò mọ̀ ọ́n gbé. Ẹlẹ́yẹ àti Ọ̀dán tí ẹ kọ sórí máàpù kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Noto Serif, Gentium àti Charis gbé e dáadáa. Ọ̀nà tí a máa ń gbà níbí ni pé kí ẹ gbé máàpù jáde láìkọ orúkọ kankan sí i, kí ẹ wá kọ orúkọ sí i nínú Inkscape, sọ́fítíwíà ìyàwòrán kan, ọ̀fẹ́ ni. Ìyẹn ni lẹ́tà náà kò fi ní rí bàìbàì bí a bá tiẹ̀ na àwòrán.

Ẹnìkan dá yín lóhùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín pé kí ẹ lo AI láti na fáìlì náà. Omi lẹ máa bù kún ọbẹ̀ yẹn o. Ó ń fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un, orúkọ ìlú á sì di ekòló.

A kò ní dá owó padà lórí èyí tí a ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣe fáìlì tuntun, owó báńnà nìkan la máa gbà, a ò ní gba owó iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gé igun rẹ̀ kan tó tó A4, kí a tẹ ìyẹn fún yín wò ní ìwọ̀n tó máa wà gan-an. Àwọ̀ búlúù òkun yín á ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti ojú fóònù lọ, kò sí ẹ̀rọ tó lè yẹ ìyẹn sílẹ̀, nítorí náà ẹ tàn án sí i. Ẹ sì jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, document ni kí ẹ yàn, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí ó máa ń dín fọ́tò kù.