Bátìrì hybrid: ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀

"Má rà á o! Kó tó pé ọdún mẹ́ta, bátìrì rẹ̀ á kú, owó òmíràn á sì jẹ gbogbo owó epo tí o ti tọ́jú run." Ẹnikẹ́ni tó bá ti lanu pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ hybrid, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnì elépo àti mọ́tò iná pọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Mẹkáníìkì á sọ ọ́, ẹbí á sọ ọ́, ẹni tí kò jókòó sínú hybrid rí náà á sọ ọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ wádìí rẹ̀ ni mo rí i pé ibi tí kò yẹ ni ẹ̀rù ti ń bà wá.

Ó yé mi ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Fóònù ló bù wá jẹ. Lójoojúmọ́ la ń ṣájì rẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún, tí a tún ń lò ó títí yóò fi kú lọ́wọ́ wa. Kò sí bátìrì tó lè pẹ́ lábẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì hybrid kì í jẹ irú ìyà yẹn. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í jẹ́ kó kún tán, kì í sì í jẹ́ kó gbẹ. Nínú Prius, hybrid tí Toyota ń ṣe, àárín ìdá 40 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń wà. Ó ń gbà díẹ̀, ó ń fi díẹ̀ sílẹ̀, látàárọ̀ dalẹ́. Bátìrì ọ̀hún kì í sì í ṣe odidi kan ṣoṣo bí àwọn èèyàn ṣe rò. Nínú Prius tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2009, ègé 28 ló para pọ̀ di bátìrì kan. Bí ègé kan bá bàjẹ́, ìyẹn ò ní kí gbogbo rẹ̀ ti kú. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń pààrọ̀ ègé kan ṣoṣo náà. (Mi ò fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀ ṣá o, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn 27 tó kù, wọ́n sì lè tẹ̀ lé e láìpẹ́.)

Hybrid kì í ṣe nǹkan àná mọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Prius àkọ́kọ́ jáde ní Japan, nítorí náà ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 2011, Consumer Reports, àwọn tó ń dán ọjà wò ní Amẹ́ríkà, wá Prius ọdún 2002 kan tó ti rìn ju 200,000 máìlì lọ, ìyẹn ju 320,000 kìlómítà. Bátìrì tí wọ́n fi ṣe é ló ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán irú rẹ̀ wò lọ́jọ́ tó wà ní tuntun, máìlì 40.6 ló rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan. Arúgbó yìí rìn 40.4. Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Àwọn kan náà tún gbé ìwádìí jáde ní 2023 lórí ọkọ̀ tó lé ní 330,000, wọ́n sì rí i pé ìṣòro ọkọ̀ hybrid fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọkọ̀ elépo lásán.

Ẹnìkan á ní, "Ẹ́ńjìnì kan, mọ́tò iná méjì, ṣé wàhálà ò ní di mẹ́ta báyìí?" Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí a kì í rò ni àwọn nǹkan tí wọ́n yọ kúrò. Nínú ètò tí Toyota ń lò, kò sí kílọ́ọ̀ṣì, kò sí sítátà, kò sí ọ́tánétọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò iná náà ló ń jí ẹ́ńjìnì, òun náà ló tún ń ṣe iná. Èkejì ló ń ti táyà. Àwọn gíà kéékèèké tó ń yí po ara wọn ló so gbogbo wọn pọ̀, kò sì sí pé gíà kan ń já tí òmíràn ń wọlé. Gíà ẹ̀yìn pàápàá ò sí: mọ́tò iná a kàn yí padà sẹ́yìn ni. Bí o bá sì tẹ bíréèkì, mọ́tò yìí ló kọ́kọ́ ń dá ọkọ̀ dúró, tó ń sọ eré náà di iná padà sínú bátìrì. Ìdí nìyẹn tí páàdì bíréèkì hybrid fi máa ń pẹ́ gan-an kó tó jẹ tán.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é báyìí o. Hyundai fi mọ́tò iná sáàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, má ṣe ro gbogbo hybrid pọ̀ mọ́ra wọn. Bí ọkọ̀ tí o ń wò bá jẹ́ irú tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yìí, dúró kí ọdún kan tàbí méjì kọjá ná. Toyota pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀: ní 2014, ó pe Prius tó tó 1.9 mílíọ̀nù padà nítorí ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí inverter, ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí mọ́tò ń lò.

Ìgbàgbọ́ kejì ni pé hybrid ń dín epo kù síbi gbogbo. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wo Corolla ọdún 2023, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ fún un. Ní ìgboro, ti elépo ń rìn máìlì 32 lórí gálọ́ọ̀nù kan, ti hybrid ń rìn 53. Epo tí ìyẹn ń dín kù tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọ̀nà márosẹ̀ ńkọ́? 41 sí 46. Ìdá 11 péré ni. Níbi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnì ń kú, bíréèkì ń dá iná padà, hybrid ń jẹun níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń ṣòfò. Ní ọ̀nà márosẹ̀, a kì í tẹ bíréèkì, kò sí nǹkan tó fẹ́ gbà padà. Ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ sáré lórí ọ̀nà gbọọrọ, ọkọ̀ elépo tó dára lè tó o.

Hybrid tí wọ́n ń fi wáyà ṣájì nílé tún yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni kí ẹ̀rù ti bà wá díẹ̀. Nínú ìwádìí 2023 yẹn kan náà, ìṣòro wọn fi ìdá 146 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọkọ̀ elépo lọ. Ní 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé ohun tí kọ̀ǹpútà inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ sílẹ̀ jáde: èéfín tí wọ́n ń tú lójú ọ̀nà tó ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ohun tí ìwé wọn sọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n kì í ṣájì wọn tó.

Kí ló wá ń pa bátìrì hybrid? Ooru ni, àti ọjọ́ orí. Nínú ọ̀pọ̀ Prius, fáànù kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ sórí bátìrì láti ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Eruku àti irun ajá ń dí ojú rẹ̀, aṣọ ń bò ó, bátìrì á máa gbóná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Ká fọ ibẹ̀ kò gba wákàtí kan. Bó o bá ń ra tuntun, béèrè iye ọdún wáráǹtì bátìrì. Ní Amẹ́ríkà, Toyota ń dúró fún tirẹ̀ fún ọdún 10 tàbí 150,000 máìlì láti ọkọ̀ 2020 síwájú. Ilé-iṣẹ́ tó rò pé bátìrì máa kú lọ́dún kẹta ò ní kọ ìyẹn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àlòkù lo fẹ́ rà, kí o tó wo ẹ́ńjìnì, lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kí o tan tọ́ọ̀ṣì sójú fáànù yẹn. Bí eruku bá ti dí i pa, ìgbà yẹn ni kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa bátìrì.